Agogo Mẹ́ta Òru

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fọwọ́ kan ọrùn ọkọ mi
ní agogo mẹ́ta òru, láti mọ̀ bóyá ó ń làágùn.
Bó bá ti tutù, tó sì rin, ó parí:
ṣúgà ti já wálẹ̀, kò sì ta á lólobó.
Ike oyin wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi
bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé Bíbélì síbẹ̀.

Nígbà kan, ó dúró lójú pópó Whyte, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́,
kò mọ orúkọ ara rẹ̀.
Ọlọ́pàá rò pé ọtí ni.
Goróyè, tí kì í mu ju omi atalẹ̀ lọ!

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ara rẹ̀ gbógun ti ara rẹ̀.
Ẹ̀yà kan ló lúgọ sẹ́yìn ikùn,
tí n kò gbọ́ kí ìyá mi dárúkọ rẹ̀ rí;
àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́,
wọ́n pa gbogbo àwọn tí ń ṣe ínsúlínì.
Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́.
Mo ṣírò wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì sọ pẹ́ńsù sílẹ̀
nígbà tó kọjá ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Oṣù kẹta, tẹlifóònù dún. Ẹnìkan ti kú.
Wọn ò sọ bóyá obìnrin ni tàbí ọkùnrin,
bóyá Red Deer ni tàbí Saskatoon.
Mo kàn mọ̀ pé bí a ṣe ń sáré gba orí afárá kọjá,
tí yìnyín ń ṣàn lórí odò nísàlẹ̀ bí àwo fífọ́,
ilé kan wà tí wọ́n ti ń wá aṣọ tí wọn yóò fi sin ín.
Báwo la ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún?
N kò tíì mọ̀ ọ́n dòní.

Ọ̀bẹ ni mo ń retí, ikùn tí a là gbọọrọ.
Dókítà Kowalchuk mi orí: kò sí ọ̀bẹ nínú èyí.
Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín eegun ìhà wọlé,
ó ń wá iṣan ńlá tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀.
Wọ́n wá gbé àpò kan kọ́.
Àpò kan péré! Ohun inú rẹ̀ rí bí omi ògì,
nọ́ọ̀sì Marisel sì ń fọwọ́ méjèèjì mì í jẹ́jẹ́
kí àwọn hóró náà má baà sùn sísàlẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò tì í. Ó ń kán wọlé fúnra rẹ̀,
bí òjò ṣe ń wá ilẹ̀.

Bàbá mi a máa sọ fún onínúfùfù
pé kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹró.
Mo tẹ ẹnu mọ́ etí Goróyè, àwọn àlejò ni mo ń bá sọ̀rọ̀:
ẹ jókòó. Ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróǹró.

Kò tán síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.
Àpò kìíní kò tó. A dúró de òkú mìíràn títí di oṣù kẹwàá,
ojú sì ń tì mí pé mo ń dúró.
Oògùn tí ń bẹ àwọn ọmọ-ogun kí wọ́n má lé àlejò
dá egbò sí i lẹ́nu; ata di èèwọ̀.
Yóò máa lò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì,
ó jẹ àkàrà mẹ́rin, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wò,
ó pè mí láti balùwẹ̀: márùn-ún lé díẹ̀,
kò sì gún nǹkan kan láti àárọ̀.
Mo ní mo ń fọ abọ́.
Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Lóru àná, agogo mẹ́ta, mo jí.
Ọwọ́ mi ti dé ọrùn rẹ̀ kí n tó rántí.
Ó gbẹ. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Níta, ọkọ̀ tí ń kó yìnyín ń kùn kọjá lọ.
Oyin ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.
N kò gbé e kúrò.